Ẹni Tí Kò Gba Owó Oṣù Ló Ń San Owó Ìyanṣẹ́lódì

Bí rédíò bá ti gbé e pé ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ máa gùn lé ìyanṣẹ́lódì lọ́jọ́ Ajé, ìbéèrè tó ń kọ́kọ́ jáde lẹ́nu àwọn ará àdúgbò wa kì í ṣe ti ohun tí òṣìṣẹ́ ń jà fún. "Ṣé ẹ ti ra epo?" ni wọ́n máa ń bi ara wọn. Kí ilẹ̀ ọjọ́ Àìkú tó ṣú, kẹ́ẹ̀gì ti tò lọ rẹrẹ nílé epo. Ẹni tó ní ẹja nínú fíríìsà ti ń ro bó ṣe máa yan án. Àwọn oní-POS ti fi díẹ̀ kún iye tí wọ́n ń gbà lórí ẹgbẹ̀rún márùn-ún, wọ́n ní báńkì máa tì. Kò tíì sí òṣìṣẹ́ kan tó fi ibi iṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ o, ọjọ́ Ajé gan-an kò tíì dé, àmọ́ nǹkan ti gbówó lórí.

Ìyẹn ló jẹ́ kí n gbà pé ìyanṣẹ́lódì ní owó kan tí a kì í kà. A máa ń ka iye ọjọ́ tí wọ́n fi jókòó sílé, a máa ń ka iye tí ìjọba fi kún owó oṣù. Owó tó bọ́ lọ́wọ́ ẹni tí kò sí lẹ́gbẹ́ kankan, tí kò gba owó oṣù, tí wọn ò pè sí ìpàdé, kò sẹ́ni tó ń kọ ọ́ sílẹ̀. Ipa owó yẹn ni mo fẹ́ ká jọ tọ̀.

Ẹ jẹ́ ká mú ti ọdún 2024, torí òun ni ọ̀pọ̀ wa ṣì rántí dáadáa. Oṣù Kẹrin ọdún 2019 ni wọ́n ti fọwọ́ sí òfin tó sọ ₦30,000 di owó oṣù tó kéré jù lọ, ọdún márùn-ún ni wọ́n sì dá fún un. Kó tó pé ni Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú gorí àlééfà ní ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún ọdún 2023, tó sọ níbi ìbúra pé owó ìrànwọ́ orí epo ti lọ. Lítà epo kan tí kò tó ₦200 nílé epo fò kọjá ₦500 láàárín ọjọ́ díẹ̀. Nígbà tó di oṣù tó tẹ̀ lé e, wọ́n tú náírà sílẹ̀ kó lọ wá iye tirẹ̀ fúnra rẹ̀ lọ́jà, ó sì já wálẹ̀ bí ẹni já bọ́ lórí ọ̀pẹ. Ní oṣù Kẹfà ọdún 2024, àjọ NBS tó ń ka ìṣirò nílẹ̀ wa sọ pé ọ̀wọ́ngógó ọjà ti di 34.19 nínú ọgọ́rùn-ún, ti oúnjẹ nìkan sì ti ju 40 lọ.

NLC àti TUC, àwọn ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ ńlá méjèèjì, kọ́kọ́ béèrè ₦615,000. Ìjọba ní ₦48,000 lòun lè san. Ẹni tó ń tà àti ẹni tó ń rà kò tilẹ̀ sí nínú ọjà kan náà! Wọ́n ná an lọ, wọ́n ná an bọ̀. Ìjọba gun òkè dé ₦60,000, òṣìṣẹ́ sọ̀ kalẹ̀ sí ₦494,000, wọn ò sì rí ibi pàdé. Ní òru mọ́jú ọjọ́ 3 oṣù Kẹfà, ìyanṣẹ́lódì aláìnígbèdéke bẹ̀rẹ̀. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ lé àwọn tó wà nídìí ẹ̀rọ tó ń pín iná mànàmáná kúrò lẹ́nu iṣẹ́, ni gbogbo orílẹ̀-èdè bá ṣókùnkùn. A mọ òkùnkùn tẹ́lẹ̀ o, kì í ṣe àlejò wa, àmọ́ èyí tí èèyàn mọ̀ọ́mọ̀ fà yàtọ̀. Ilé ẹjọ́ tì, báńkì tì, ilé ìwé ìjọba tì, àwọn tó fẹ́ wọ bàálù láti Èkó jókòó ti ẹrù wọn ní pápákọ̀. Lọ́jọ́ kejì, wọ́n dá a dúró, torí Ààrẹ ti gbà láti san ohun tó ju ₦60,000 lọ. Nígbà tó di ọjọ́ 29 oṣù Keje, ó fọwọ́ sí ₦70,000, wọ́n sì kọ ọ́ sínú òfin pé ọdún mẹ́ta mẹ́ta ni wọ́n á máa tún un gbé yẹ̀wò.

₦70,000 ju ìlọ́po méjì ₦30,000 lọ. Bí a bá fi ojú nọ́ńbà wò ó, òṣìṣẹ́ borí. Àmọ́ ẹ bá mi ṣe ìṣirò kékeré kan. Ní 1981, ìyanṣẹ́lódì tí NLC ṣe nígbà tí Hassan Sunmonu jẹ́ ààrẹ wọn ló gbé owó oṣù tó kéré jù dé ₦125. Náírà lágbára ju dọ́là lọ nígbà yẹn, ₦125 sì tó nǹkan bíi 200 dọ́là. ₦30,000 ti 2019 jẹ́ nǹkan bíi 83 dọ́là, bí a bá ka dọ́là kan sí ₦360 tó wà lọ́jà nígbà náà. ₦70,000 ti 2024, lóṣù tí wọ́n fọwọ́ sí i gan-an, kò tó 50 dọ́là. Ẹni tí ọ̀rọ̀ dọ́là bá ń bí nínú lè fi ìrẹsì wọ̀n ọ́n: nígbà tí wọ́n fọwọ́ sí ₦30,000, ó ra àpò ńlá kan, ṣéńjì sì kù tó ra òróró àti ata. ₦70,000 kò ra odidi àpò ńlá kan lọ́pọ̀ ọjà lóṣù tí wọ́n kéde rẹ̀. Nọ́ńbà ń gòkè, ohun tó ń rà ń sọ̀ kalẹ̀.

Ta ni ₦70,000 náà tilẹ̀ wà fún? Òfin yọ ibi iṣẹ́ tí òṣìṣẹ́ ibẹ̀ kò tó 25 sílẹ̀. Télọ̀ tó ní ọmọ iṣẹ́ mẹ́ta kò sí nínú ẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ọmọ ọ̀dọ̀ tó ń fọ abọ́ ní búkà, àti ọmọkùnrin tó ń bá wọn gbé sìmẹ́ńtì. Ìṣirò NBS fi hàn pé ó ju 90 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tó ń ṣiṣẹ́ ní Nàìjíríà tó jẹ́ pé irú iṣẹ́ báyìí ni wọ́n ń ṣe, iṣẹ́ tí kò sí nínú ìwé ẹnikẹ́ni, tí kò ní owó ìfẹ̀yìntì. Bí a bá kó èèyàn mẹ́wàá tó ń ṣiṣẹ́ jọ, bóyá la máa rí ẹnì kan tí owó oṣù tuntun kàn ní tààràtà. Àwọn mẹ́sàn-án yòókù ń ra epo, wọ́n ń wọ dánfó, wọ́n ń jẹ gààrí.

Mi ò sọ pé kí òṣìṣẹ́ má jà o. Owó oṣù kì í pẹ́ lọ́wọ́ òṣìṣẹ́; tó bá ti wọlé, ọwọ́ aláta, ọwọ́ aláṣọ, ọwọ́ onílé ló ń lọ. Ẹ bi àwọn ará Ọ̀ṣun bí ọjà ṣe rí ní 2015, nígbà tí ìjọba ìpínlẹ̀ náà jẹ òṣìṣẹ́ ní owó oṣù púpọ̀, àfìgbà tí Àbújá yá ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ lówó kí wọ́n tó rí díẹ̀ san. Tèmi ni pé ìjọba ló yanṣẹ́ lódì lọ́dún yẹn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sẹ́ni tó pè é bẹ́ẹ̀. Owó oṣù òṣìṣẹ́ tó dúró, ọjà gbogbo wa ló dúró.

Ibi tí mo ti fojú ara mi rí owó tí a kì í kà yìí ni ẹnu ọ̀nà fásitì kan nílẹ̀ Yorùbá, lọ́dún 2022. Ọjọ́ 14 oṣù Kejì ni ASUU, ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ fásitì, bẹ̀rẹ̀. Oṣù kan péré ni wọ́n pè é, wọ́n ní ìkìlọ̀ ni. Wọ́n fi ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ kún un, wọ́n fi méjìlá kún ìyẹn, títí tó fi di aláìnígbèdéke ní ìparí oṣù Kẹjọ. Ọjọ́ 14 oṣù Kẹwàá ni wọ́n tó dá a dúró, oṣù mẹ́jọ gbáko.

Ìyá kan ń ta àmàlà níbẹ̀. Kí ọ̀rọ̀ tó dójú ẹ̀, kúlà mẹ́rin ló ń gbé jáde láràárọ̀: méjì fún àmàlà tó ti wé sínú ọ̀rá, ọ̀kan fún gbẹ̀gìrì, ọ̀kan fún ewédú. Ọbẹ̀ ata àti ẹran ń bẹ lórí iná lẹ́yìn rẹ̀. Ọmọbìnrin mẹ́ta ló ń bá a fọ abọ́. Tí aago méjì ọ̀sán bá fi lù kí o tó dé, wàá bá a tó ń fi omi ṣan ìsàlẹ̀ kúlà. Àpò èlùbọ́ kan kì í lò ju ọjọ́ mẹ́rin lọ lọ́wọ́ rẹ̀.

Nígbà tí wọ́n ní oṣù kan ni, ó gbà wọ́n gbọ́. Ó ra àpò èlùbọ́ méjì sílẹ̀ de àwọn ọmọ iléèwé, kí wọ́n má bàa bá a lẹ́nu àìní lọ́jọ́ tí wọ́n bá wọlé. Wọn ò wọlé. Kòkòrò bá dé inú èlùbọ́. Mo bá a lọ́sàn-án ọjọ́ kan níbi tó ti tẹ́ ẹ sórí tapólì nínú oòrùn, tó ń fi asẹ́ yọ kòkòrò kúrò ní díẹ̀díẹ̀, ìyẹ̀fun bo apá rẹ̀ dé ìgbúnwọ́. Àwọn ọmọbìnrin mẹ́ta yẹn ti lọ. Ìkòkò ńlá ti dojú bolẹ̀ lábẹ́ bẹ́ǹṣì, ìkòkò kékeré kan ló kù lórí ààrò, ó ń ro ún fún àwọn ọlọ́kadà àti àwọn bíríkìlà tó ń kọ́lé nítòsí. Àmọ́ gbogbo ọjọ́ Ọjọ́bọ̀, àwọn tó yá a lówó àdásan ọ̀sẹ̀-ọ̀sẹ̀ ṣì ń wá jókòó sórí bẹ́ǹṣì rẹ̀ láago mẹ́wàá àárọ̀ pẹ̀lú káàdì lọ́wọ́. Àwọn yẹn ò yanṣẹ́ lódì.

Mo sọ fún un pé àwọn olùkọ́ náà ń jìyà, pé ìjọba ti dá owó oṣù wọn dúró. Òótọ́ ni mo sọ. Òfin ọ̀rọ̀ àárín òṣìṣẹ́ àti agbanisíṣẹ́, abala 43, sọ pé ẹni tó bá yanṣẹ́ lódì kò lẹ́tọ̀ọ́ sí owó ọjọ́ tí kò ṣiṣẹ́, ìjọba sì di òfin náà mú gírígírí. Nígbà tí wọ́n padà lóṣù Kẹwàá lẹ́yìn tí ilé ẹjọ́ ti ní kí wọ́n padà, ìdajì owó oṣù ni wọ́n rí gbà lóṣù yẹn. Ọdún kan kọjá kí Ààrẹ Tinúbú tó fọwọ́ sí i pé kí wọ́n san oṣù mẹ́rin nínú èyí tí wọ́n dá dúró. Olùkọ́ kan tí mo mọ̀ fi mọ́tò rẹ̀ ṣe kàbúkàbú lálẹ́ fún ọ̀pọ̀ oṣù, ó máa ń fi fìlà bojú kí akẹ́kọ̀ọ́ má dá a mọ̀.

Ìyá gbọ́ gbogbo ẹ̀. Ó ní, "Àwọn tíṣà mọ ẹni tó jẹ wọ́n lówó. Èmi ò mọ ẹni tó jẹ mí."

Mi ò rí èsì fún un, mi ò sì tíì rí i títí dòní. Ọwọ́ epo làwọn ọmọ aráyé ń báni lá, wọn kì í báni lá ti ẹ̀jẹ̀. Nínú ọ̀rọ̀ yìí, ọwọ́ ẹlẹ́jẹ̀ nìkan ni wọ́n nà sí ìyá alámàlà. Bẹ́ẹ̀ ló rí fún onífọ́tókọ́pì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, fún oníkẹ̀kẹ́ tó ń gbé akẹ́kọ̀ọ́, fún onílé tí yàrá ogún ṣófo lọ́wọ́ rẹ̀. Nígbà tí fásitì wá ṣí, àmàlà tí à ń rà ní ₦50 ti di ₦100. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yarí. "Ìyá, ẹ ti burú o!" Wọ́n rò pé ó fẹ́ gba owó oṣù mẹ́jọ lọ́wọ́ wọn lẹ́ẹ̀kan náà ni.

Ọ̀pọ̀ èèyàn ló gbà pé ìkà ọlọ́jà ló ń mú ọjà gbówó lórí nírú àkókò bẹ́ẹ̀. Ìkà wà lọ́jà, mi ò ní parọ́. Àmọ́ ọlọ́jà tó mọṣẹ́ kì í wo iye tó fi ra ọjà kó tó tà á, iye tó máa fi ra òmíràn ló ń wò. Bí ọkọ̀ tó ń kó ata bọ̀ láti òkè Ọya bá dúró lójú ọ̀nà lónìí, aláta tó ní apẹ̀rẹ̀ méjì nílẹ̀ mọ̀ pé bóun bá tà wọ́n ní iye àná, owó tó bá wọlé lè má ra apẹ̀rẹ̀ kan lọ́la. Ló bá fi owó lé e. Bí ọkọ̀ bá wá ń rìn padà, kò ní já owó náà wálẹ̀ kíákíá, torí kò dá a lójú pé wọn ò tún ní dúró. Bí owó ọjà ṣe ń sáré gòkè nìyẹn, tó sì ń fi ìdí wọ́ bọ̀ nísàlẹ̀.

Ẹ rántí oṣù Kejì ọdún 2021. Lẹ́yìn wàhálà tó bẹ́ sílẹ̀ ní ọjà Ṣáṣá n'Ìbàdàn, ẹgbẹ́ àwọn tó ń ta oúnjẹ àti màlúù gùn lé ìyanṣẹ́lódì tiwọn. Wọ́n ní kò sí ọkọ̀ tó gbọdọ̀ kó oúnjẹ wọ Gúúsù, wọ́n sì ń béèrè owó ìtanràn ₦475 bílíọ̀nù lọ́wọ́ ìjọba. Àwọn wọ̀nyí kì í ṣe òṣìṣẹ́ ìjọba, kò sí owó oṣù kankan tí èèyàn lè dá dúró fún wọn. Ọ̀sẹ̀ kan kò fi bẹ́ẹ̀ pé tí wọ́n fi ṣe é, ọjọ́ 3 oṣù Kẹta ni wọ́n jáwọ́. Láàárín ọjọ́ díẹ̀ yẹn, àlùbọ́sà wọ́n bí ojú ní Èkó àti Ìbàdàn, tòmátò àti ẹran gbówó lórí, bẹ́ẹ̀ lápá Àríwá, tòmátò ń jẹrà lọ́wọ́ àwọn olóko tí kò rí ẹni gbé e fún. Mo fẹ́ràn àpẹẹrẹ yìí torí kò fi nǹkan kan pa mọ́: ìyà jẹ ẹni tó ń tà, ó jẹ ẹni tó ń rà, ọ̀nà tó wà láàárín wọn nìkan ló tì.

Ti epo tún wá yára ju ti ata lọ. Awakọ̀ tó ń wa ọkọ̀ epo kò pọ̀, àwọn tó ń ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń fọ epo kò pọ̀, àmọ́ bí wọ́n bá ká ọwọ́ kò fún ọjọ́ méjì, owó ọkọ̀ yí padà láti Èkó dé Màídúgùri. Ní ìparí oṣù Kẹsàn-án ọdún 2025, PENGASSAN, ẹgbẹ́ àwọn ọ̀gá òṣìṣẹ́ epo, yanṣẹ́ lódì torí pé ilé ìfọpo Dangote lé òṣìṣẹ́ tó ju 800 lọ. Ẹgbẹ́ ní torí pé wọ́n dara pọ̀ mọ́ àwọn ni, ilé iṣẹ́ ní rárá, àtúntò lòun ń ṣe. Ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù Kẹwàá, tí í ṣe ọjọ́ òmìnira, ni wọ́n dá a dúró. Ìjọba kò jẹ́ kó pẹ́ rárá. Ẹ wá fi wé oṣù mẹ́jọ ti ASUU. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ wà lórí ẹ̀rọ epo, wákàtí ni wọ́n fi ń dá a lóhùn. Ẹni tó ń kọ́ ọmọ níwèé, oṣù ni. Àwọn dókítà ìjọba wà láàárín méjèèjì: ní 2021, ọjọ́ 63 ni NARD, ẹgbẹ́ wọn, fi yanṣẹ́ lódì, láti oṣù Kẹjọ wọ oṣù Kẹwàá. Olówó gbé aláìsàn rẹ̀ lọ sọ́sibítù aládàáni. Ẹni tí kò ní gbé tirẹ̀ padà sílé.

Ọ̀rọ̀ yìí kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láàárín wa. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 1897, nǹkan bí ẹgbẹ̀rún mẹ́ta òṣìṣẹ́ ìjọba ní Èkó gbé irinṣẹ́ sílẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta, torí Gómìnà McCallum fẹ́ yí wákàtí iṣẹ́ wọn padà, ó sì fẹ́ dín owó wọn kù. Àmọ́ èyí tó yẹ ká ka ìtàn rẹ̀ dáadáa ni ti 1945. Ogun Hitler ti sọ ọjà di ọ̀wọ́n, owó òṣìṣẹ́ sì wà lójú kan. Wọ́n béèrè pé kí wọ́n fi ìdajì kún owó ìrọ̀rùn tí wọ́n ń pè ní COLA, kí ẹni tó kéré jù máa gba ṣílè méjì àti kọ́bọ̀ mẹ́fà lóòjọ́. Michael Imoudu, olórí òṣìṣẹ́ rélùwéè, ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láti Auchi tí ìjọba lé e lọ ni. Nígbà tó di oṣù Kẹfà, ọkọ̀ ojú irin dúró, ilé ìfìwéránṣẹ́ àti tẹlifóònù dúró, ó sì ju ogójì ọjọ́ lọ.

Báwo ni òṣìṣẹ́ tí kò gba owó ṣe rí oúnjẹ jẹ fún ogójì ọjọ́? Ibi tí àwọn obìnrin ọjà ti wọlé nìyẹn. Alimotu Pelewura, ẹlẹ́ja ní ọjà Eréko, ni olórí ẹgbẹ́ àwọn obìnrin ọjà Èkó. Kò lọ sílé ìwé. Láti bí ọdún méjì ṣáájú ni òun àti ìjọba ti ń fà á lórí òfin tí Captain Pullen gbé kalẹ̀ láti dá iye gààrí àti oúnjẹ mìíràn lé wọn lọ́wọ́. Wọ́n fi £100 lóṣù lọ̀ ọ́ kó lè bá wọn ṣe é, ó kọ̀. Owó ńlá ni £100 nígbà yẹn, òṣìṣẹ́ tí wọ́n ń fún ní ṣílè méjì lóòjọ́ kò lè rí i láàárín ọdún méjì. Nígbà tí òṣìṣẹ́ yanṣẹ́ lódì, Pelewura àti àwọn èèyàn rẹ̀ dúró tì wọ́n. Ìgbìmọ̀ Tudor Davies tó gbọ́ ẹjọ́ náà sọ lẹ́yìn-ọ̀rẹyìn pé kí wọ́n fi ìdajì tí òṣìṣẹ́ béèrè kún un, òfin Pullen náà sì wọlẹ̀ lọ́dún 1945 yẹn. Ọjà àti òṣìṣẹ́ jọ jà, àwọn méjèèjì ló sì rí nǹkan mú bọ̀.

Èyí tó jọ ọ́ jù láyé tiwa ni ti oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2012. Ọjọ́ ọdún tuntun ni epo ti ₦65 fò sí ₦141. Láti ọjọ́ 9 dé ọjọ́ 16, òṣìṣẹ́ jókòó sílé, ọlọ́jà ti ṣọ́ọ̀bù, ọlọ́kọ̀ gbé ọkọ̀ sílé, èrò sì pé sí Òjòtá lójoojúmọ́. Epo já sí ₦97. Gbogbo ilé ni ọ̀wọ́n epo yẹn wọ̀, kò sẹ́ni tí wọ́n ní láti bẹ̀ kó tó jáde. Ẹ wá wo ti ọjọ́ 5 àti 6 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2023. NLC pe ìkìlọ̀ ọlọ́jọ́ méjì, TUC kò bá wọn dá sí i, lọ́pọ̀ ibi ní Èkó ọjà ṣí, dánfó ń pe èrò. Àwọn kan bínú sí àwọn ọlọ́jà pé ọ̀dàlẹ̀ ni wọ́n. Èmi ò bínú. Ẹni tó jẹ́ pé ohun tó bá pa láàárọ̀ ni ilé rẹ̀ máa jẹ lálẹ́, kò sẹ́ni tó bá a sọ ohun tí owó tí wọ́n ń béèrè fún òṣìṣẹ́ ìjọba fẹ́ ṣe fún un.

Ohun tó sì ń mú kó máa tún ara rẹ̀ ṣe kò ṣòroó rí. Àdéhùn tí ìjọba bá ASUU ṣe ní 2009 ló bí èyí tó pọ̀ jù nínú ìyanṣẹ́lódì tí wọ́n ti ṣe lẹ́yìn rẹ̀: wọ́n á fọwọ́ sí i kí iléèwé lè ṣí, owó rẹ̀ ò ní sí nínú ètò ìṣúná, ẹgbẹ́ á kọ lẹ́tà, ẹgbẹ́ á fún wọn ní gbèdéke, gbèdéke á kọjá. Ìjọba mọ̀ pé àwọn òbí máa tó bẹ̀rẹ̀ sí í bú olùkọ́. Olùkọ́ mọ̀ pé bí kò bá tì í, ẹnikẹ́ni ò ní dá òun lóhùn. Àwọn méjèèjì ló ń fi ẹni kẹta ṣe ohun ìjà, wọn kò sì bi í. Owó oṣù tó kéré jù náà, 2027 ni ọdún mẹ́ta rẹ̀ máa pé, ọdún ìdìbò sì ni.

Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2025, ASUU tún gùn lé ìkìlọ̀ ọlọ́sẹ̀ méjì, wọn ò sì lò ó tán kí wọ́n tó dá a dúró. Mo pe ìyá alámàlà lórí fóònù láti bi í bí ọjà ṣe rí. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní òun ti gbọ́ lórí rédíò kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀, pé ọ̀kan nínú àwọn ọmọ tó ń bá òun fọ abọ́ ti lọ sílé, pé kò sí èlùbọ́ tó lè bàjẹ́ lọ́wọ́ òun mọ́. Láti 2022, kò ra odidi àpò mọ́. Kóńgò ló ń rà, ìwọ̀nba tó máa lò láàárín ọjọ́ méjì, kódà nígbà tí fásitì wà ní ṣíṣí tí kò sí wàhálà kankan. Kóńgò wọ́n ju àpò lọ, ó mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ó ti kà á mọ́ iye àmàlà.